Àmì 25% Ni Mo Fi Dá Ọmọ Mi Lẹ́jọ́

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe ìwàásù. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín.

Lọ́dún 2022, díẹ̀ ló kù kí n lé ọmọ mi ọkùnrin kúrò nílé. Mo ti ní kó di ẹrù rẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, irú èyí táwọn ọmọ iléèwé ń lò, ló fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ rántí ọdún yẹn. Oṣù kejì làwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ làwọn ọmọ wa fi jókòó sílé. Tèmi wà lára wọn. Lọ́sàn-án, á bá ìyá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá di alẹ́, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, ó di ọ̀la.

Èmi náà kì í sùn púpọ̀ lóru, ẹ mọ iṣẹ́ wa. Bí mo bá dìde láti gbàdúrà, màá rí iná kọ̀ǹpútà lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Màá gbọ́ tó ń fi gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú àwọn tí mi ò gbọ́ ohùn wọn. Lóru ọjọ́ kan mo gbọ́ tó ní òun ti rí i, ogójì mílíọ̀nù ló máa mú wá. Lóru ọjọ́ mìíràn, ó ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀, ẹni yẹn ò mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀.

Ogójì mílíọ̀nù! Ọmọ tí èmi ń fún lówó dátà.

Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo ń ṣọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọ yàrá rẹ̀ lọ wá ṣájà fóònù. Ìwé yẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí sílẹ̀. Mo wò ó. Lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta: KQX-417. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn, ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fi bírò pupa yí àwọn kan po. Níwájú ọ̀kan nínú àwọn tó yí po, ó kọ ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì méjì: Blood Temple.

Ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ḿpìlì. Nínú ilé pásítọ̀.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ yìí, ṣé mo tún ní láti ṣàlàyé ohun tó wá sí mi lọ́kàn? Ẹ mọ Yahoo. Ẹ mọ Yahoo Plus. Mo ti bá ìdílé tó padánù ọmọ sórí ọ̀ràn yẹn sunkún rí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo ní àwọn nọ́ńbà yìí ni àwọn tó ti lù ní jìbìtì. Mo ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún yẹn ni ìpín tirẹ̀. Ohun gbogbo wọ inú ara wọn, kò sí ibi tó ṣẹ́ kù.

Lóru ọjọ́ kejì, nǹkan bí aago méjì, mo gbọ́ tó pariwo nínú yàrá pé, "Wọ́n ti mú wa!" Ó tán. Mo rò pé ọlọ́pàá ti mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbì kan. Mo wọlé, mo já wáyà, mo gba kọ̀ǹpútà, mo tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo ní, "Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, kúrò nílé mi."

Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín ná."

Mo ní mi ò fẹ́ rí nǹkan kan. Mo ti rí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Oúnjẹ rẹ̀ ń tutù lórí tábìlì. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi wá bá mi ní pálọ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Kí ni ọmọ yìí sọ nígbà tẹ́ ẹ bi í?"

Mo fẹ́ dáhùn, ni mo bá rí i pé mi ò tíì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Mo ní kó pe ọmọ náà wá. Mo gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún un. Mo ní, "Ó dáa, fi hàn mí."

Géèmù ni. EVE Online lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CCP, nílùú Reykjavík lórílẹ̀-èdè Iceland, ló ṣe é, ọdún 2003 ni wọ́n gbé e jáde. Ọkọ̀ òfúrufú lẹ máa wà nínú ẹ̀, láàrin ìràwọ̀ tó lé ní 7,000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló ń ṣe é papọ̀ nígbà kan náà, nínú òfúrufú kan náà. Ogójì mílíọ̀nù tí mo gbọ́? Owó inú géèmù ni, ISK ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò lè fi ra gààrí nílé Ìyá Alákàrà. Òfin géèmù náà gan-an kò gbà kéèyàn tà á fún owó gidi.

Mo ní, "Blood Temple ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà kan wà nínú géèmù náà tí wọ́n ń jẹ́ Blood Raiders. Ahoro àtijọ́ wọn kan wà tí orúkọ rẹ̀ gùn, Ruined Blood Raider Temple Site. Ó gé e kúrú nínú ìwé ni.

Ó wá ṣàlàyé ìwé náà fún mi. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí.

Nínú géèmù yẹn, àwọn ibì kan wà tójú ò lè rí. Àwọn ahoro tó ní ìṣúra nínú, ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, ìkùukùu gáàsì, ibùdó àwọn ọlọ́ṣà, àti ohun tí wọ́n ń pè ní wormhole, ìyẹn ihò kan téèyàn máa gbà wọlé níhìn-ín, tó máa já sí òfúrufú mìíràn tó jìnnà réré. Kò sí èyí tó wà lórí máàpù. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí ni lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́ta, tó ń sọ pé nǹkan kan wà ní agbègbè yìí. Kí ni? Níbo gan-an? Ẹ wá a fúnra yín.

Ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Heron lọmọ mi ń wà. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ awárí ni. Á ju ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́jọ jáde tí wọ́n ń pè ní probe. Àwọn ẹ̀rọ yìí ló ń bá a fetí sílẹ̀. Òun ló máa yan bí etí wọn ṣe máa gùn tó, láti 32 AU wálẹ̀ dé ìdá mẹ́rin AU kan. AU kan ni ìwọ̀n tó wà láàrin ayé wa yìí àti oòrùn, nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà. Bó bá na etí wọn jìnnà, wọ́n á gbọ́ ibi púpọ̀, àmọ́ wọn ò ní gbọ́ ọ dáadáa. Bó bá fà á mọ́ra, ibi kékeré ni wọ́n á gbọ́, àmọ́ wọ́n á gbọ́ ọ ketekete.

Ní gbogbo ìgbà tó bá fetí sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sọ agbára àmì náà fún un, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá tíì dé 25%, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ kò ju pé nǹkan wà níbẹ̀. Bó bá dé 25%, á sọ irú ohun tó jẹ́, bóyá ahoro ni, bóyá gáàsì ni, bóyá wormhole ni. Bó bá dé 75%, á sọ orúkọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yín ò lè lọ síbẹ̀ àfi kó pé 100%. Kódà, 99% ò ṣe é lọ.

Mo ní kó jẹ́ kí n dán an wò. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo na etí àwọn probe náà jìnnà, mo rí àmì kan tó ń pọ́n fòò, agbára rẹ̀ kéré. Inú mi dùn. Mo sáré fà wọ́n mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, láti 32 wálẹ̀ sí 2. Àmì náà parẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ ti kánjú jù. Ẹ ò mọ ibi tó wà dáadáa kẹ́ ẹ tó fà á. Ó ti bọ́ síta."

Mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mẹ́ta nínú àwọn probe mi ló gbọ́ ọ. Àmì náà wá di méjì lójú mi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo ní ibi méjì la rí. Ó ní rárá sà, ibì kan ni. Bó bá jẹ́ pé probe mẹ́ta péré ló gbọ́ ọ, ẹ̀rọ ò lè mọ èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì. Àfi kí ìkẹrin dá sí i. Mo yan ti ọ̀tún, torí ó dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ jù lójú mi. Ti òsì ni òótọ́.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, mo fà á díẹ̀díẹ̀: 16, 8, 4, 2. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, màá sún àwọn probe náà kí wọ́n lè yí àmì yẹn po dáadáa, kí n tó tún fà á. Agbára rẹ̀ ń lọ sókè. Nígbà tó pé 100%, ó di àwọ̀ ewé. Mo pariwo. Ìyàwó mi sáré wọlé, ó rò pé mo ti tún ń jà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé ìkọ̀wé yẹn. Mo ní, bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà máa sọ orúkọ rẹ̀ níkẹyìn, kí ló dé tó o tún ń kọ nọ́ńbà?

Ó ní iṣẹ́ náà ń gba àkókò. Àmì lè tó mẹ́wàá ní agbègbè kan, kó jẹ́ ẹyọ kan ló wúlò fún un. Àwọn àgbà nínú géèmù náà ti mọ ọgbọ́n kan. Ibì kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ṣòro tó láti gbọ́. Bó o bá ń lo ọkọ̀ kan náà, probe kan náà, tó o na etí wọn dé ìwọ̀n kan náà, tó o sì tò wọ́n yí àmì náà po bákan náà, irú ibì kan máa ń fún ẹ ní nọ́ńbà tó sún mọ́ ara wọn. Ká sọ pé irú ahoro kan ń fún ẹ ní 12% nígbàkígbà. Bó o bá tún rí 12% lọ́la, ara ti fu ọ́ sí ohun tó jẹ́ kó o tó wá a dópin. Lójoojúmọ́, ní aago 12 ọ̀sán tiwa, wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ géèmù náà fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà orúkọ á yí. KQX-417 àná lè di nǹkan mìíràn lónìí. Agbára àmì náà ló kù téèyàn lè fi dá a mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wò ó, orí mi wú. Ọmọ tí mo pè ní ọ̀daràn ló jókòó lóru tó ń ṣe ohun táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe: wò ó, kọ ọ́ sílẹ̀, fi wé ti àná.

Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tó gún mi lọ́kàn. Ó ní, "Àmọ́ ìwé yẹn máa ń tanni sà." Lákọ̀ọ́kọ́, oríṣi ibi bíi mélòó kan lè ní nọ́ńbà kan náà. Ìwé náà á sọ pé ọ̀kan nínú wọn ni, kò lè sọ èwo. Èkejì, bó bá pààrọ̀ ọkọ̀, tàbí tó kọ́ ìmọ̀ Astrometrics inú géèmù náà dé ìpele tó ga sí i, àwọn probe rẹ̀ á máa gbọ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo nọ́ńbà á yí, ìwé àtijọ́ á di irọ́. Ibi tó fara sin náà kò yí. Etí tó ń gbọ́ ọ ló yí.

Lóru tó pariwo pé "Wọ́n ti mú wa" yẹn, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú òfúrufú tó wà lẹ́yìn wormhole. Níbẹ̀, orúkọ àwọn tó wà nítòsí kì í hàn, àfi bí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n ní kó yẹ gbogbo àmì wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ku àmì kan. Ó wo nọ́ńbà rẹ̀, ó wo ìwé, ìwé ní gáàsì ni. Ó fi í sílẹ̀, kò wá a dé 25% pàápàá. Wormhole ni. Ibẹ̀ làwọn ọlọ́dẹ gbà wọlé, wọ́n bo ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀ kí ojú má rí i, wọ́n sì fọ́ ọkọ̀ mẹ́ta títí kan tirẹ̀.

Ó ní, "Dádì, nọ́ńbà kan ni mo wò, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n."

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Torí ní wákàtí tọ́mọ mi ń jẹ̀bi ìkánjú nínú géèmù, wákàtí yẹn náà lèmi ń jẹ̀bi rẹ̀ lórí ọmọ. Òun pàdánù ọkọ̀ tí kò sí. Èmi ì bá pàdánù ọmọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohun tí mo rí yẹ̀ wò. Iná lábẹ́ ilẹ̀kùn, òótọ́ ni. Ogójì mílíọ̀nù, òótọ́ ni mo gbọ́. Blood Temple, ó wà nínú ìwé. Kò sí irọ́ nínú ẹyọ kan. Àmì gidi ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n òkèèrè ni mo ti gbọ́ wọn, wọn ò sì tó 25%. Ọ̀tún àti òsì wà, mo yan èyí tí ìbẹ̀rù mi mú mọ́lẹ̀ jù. Ìwé tèmi náà wà lórí, tí mo ti kọ láti ara ọmọ ẹlòmíràn: ọmọ tó bá ń ṣe báyìí, báyìí ló jẹ́. Mo wo nọ́ńbà, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn nípa Hánà àti Élì. Àlùfáà jókòó, ó rí ètè obìnrin tó ń mì, kò gbọ́ ohùn, ó sì ní ọtí ló ń pa á. Mo máa ń dá Élì lẹ́bi lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí i, nígbà tí obìnrin náà dá a lóhùn, Élì tẹ́tí sí i, ó sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Èmi tí ọmọ mi bẹ̀ pé kí n jẹ́ kó fi hàn mí, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dí etí. Élì sàn jù mí lọ.

Mo bẹ ọmọ mi lójú ìyá rẹ̀. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tá a jọ ń fọ mọ́tò, ó ní, "Dádì, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ lè lé mi. Mo ti wá mọ̀ báyìí." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà láàrin wa dòní. Mo ń ṣe ohun tí mo lè ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín pé ó ti tán.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ di ojú. Ìwà ìbàjẹ́ wà nílùú, àwọn ọmọ kan wà tí àmì tí wọ́n ń fi hàn jẹ́ ohun tẹ́ ẹ rò gan-an. Èmi náà fi òfin sí géèmù yẹn: bó bá ti di aago 12 òru, kó pa kọ̀ǹpútà. Òbí tó rí àmì tí kò dìde kò ṣe dáadáa. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ẹ dìde, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ jókòó ti ọmọ náà. Ẹ bi í pé kí lò ń ṣe, kó fi hàn yín, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ bi ìyá rẹ̀, ẹ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè ní ju etí mẹ́ta lọ. Ẹ má sáré fà á mọ́ra tipátipá, kó má bàa bọ́ síta mọ́ yín lọ́wọ́. Bó bá wá pé 100%, tó jẹ́ ohun burúkú, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Bí kò bá tíì pé, ẹ má tíì sọ pé kó di ẹrù.

Ọmọ náà ti padà síléèwé. Ó fi ìwé ìkọ̀wé náà sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń sinmi, ẹ mọ̀. Bí iná bá wà, mo máa ń ju probe mẹ́jọ jáde díẹ̀, mo sì ń kọ nọ́ńbà tèmi sí ẹ̀yìn ìwé náà, torí etí tèmi àti tirẹ̀ kò dọ́gba. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo rí àmì kan tí agbára rẹ̀ kéré gan-an. Ìwé ní kò wúlò. Mo wá a dé òpin, ó gbà mí ní wákàtí kan ó lé.

Gáàsì ni lóòótọ́. Mo pe ọmọ mi, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, a sì sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lórí nǹkan tí kò kan géèmù rárá.